Ẹ̀rín Teliníkò Fẹ́ Sọ Ọmọ Mi Dẹrú

                                        Ilé Pólísélò,
                                        Abúlé Tórikò,
                                        Ilẹ̀ Átẹ́nì.
                                        Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì ọdún.

Eupólémò, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní erékùṣù Ándírò? Ìyàwó ńkọ́? Orúnkún tó ń dà ẹ́ láàmú ńkọ́? Ẹ kú atẹ́gùn òkun o. Èmi náà ń mí, àmọ́ inú mi ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, wọ́n fẹ́ ta ọmọ mi lẹ́rú, ẹ̀rín ló sì fà á.

Ẹ̀rín kẹ̀! O rántí Antidórò, ọmọ mi tó ń jẹ́ orúkọ bàbá mi. Ó ti pé ọdún méjìdínlógún, ó sì tó mú lọ síwájú àwọn ará abúlé kí wọ́n dìbò pé ojúlówó ọmọ ìlú ni. Àmọ́ láti èṣí ló ti ń tẹ̀ lé Teliníkò, amòye abúlé wa. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ò ju kó máa bi èèyàn ní ìbéèrè títí onítọ̀hún ò fi ní mọ èyí tó máa sọ mọ́, káwọn ọ̀dọ́ sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun téèyàn ò bá fojú ara rẹ̀ rí, kó má sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ ìdìbò, olórí abúlé bi ọmọ mi pé, "Ta ni bàbá ẹ?" Ìbéèrè tí ọmọ ọdún méjì ń dáhùn! Ọmọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bàbá, ṣé mo wà níbẹ̀ ni? Wọ́n kàn sọ fún mi ni. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ mọ tiyín?"

Teliníkò bú sẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbààgbà ò rẹ́rìn-ín o. Ọ̀kan pariwo pé, "Ẹ ò gbọ́ bí? Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́!" Ẹyin lohùn. Wọ́n dìbò, wọ́n sì lé e dànù. Ìyá ẹ̀, Fanosítírátè, tí kò mọ ọkùnrin méjì rí, wá di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí kànga.

Mo gbalé Teliníkò lọ. Mo ní kó wá jẹ́rìí ní kóòtù pé eré tó kọ́ ọmọ náà ni. Ó ń jẹ èso ólífì, ó ní, "Pólísélò, èmi ò sí níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ìwọ gan-an, ṣé ó dá ẹ lójú?" Ó tún rẹ́rìn-ín. Séúsì, olórí àwọn òrìṣà wa, ló dì mí lọ́wọ́ mú, mi ò bá da igbá ólífì yẹn dé e lórí. Oníranù!

A ti pẹjọ́. Tí a bá jàre, ọ̀rọ̀ tán. Tí a bá jẹ̀bi, títà ni wọ́n máa tà á lẹ́rú, torí bẹ́ẹ̀ ni òfin sọ nípa ẹni tó bá fèké pe ara ẹ̀ lọ́mọ ìlú. Ìṣojú ẹ ni mo ti gbé e sáré yí ààrò ká nígbà tí wọ́n bí i, bí bàbá ṣe ń ṣe láti fi hàn pé ọmọ òun ni. Ta ló ń gbé ọmọ ọlọ́mọ yí ààrò ká? Jọ̀ọ́, wọkọ̀ ojú omi kóṣù yìí tó tán, kó o wá sọ ohun tó o rí.

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì jẹun. Gbọ́ èyí, má sọ ọ́ fẹ́nì kankan: láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń bọ́jú, mo ṣàdédé rí i pé mò ń wo etí ẹ̀, bóyá ó jọ tèmi. Èmi! Látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, mi ò wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò ní forí ji Teliníkò láéláé.

Bá mi kí ìyàwó ẹ àtàwọn ọmọ. Má wulẹ̀ fèsì, ìwọ fúnra ẹ ni kó o máa bọ̀.

Èmi ni,
Pólísélò,
Bàbá Antidórò.