Oògùn Tí Mo Já Gbà Lọ́wọ́ Huguette

                                        Agboolé Fálúyì,
                                        Ọ̀nà Ọjà,
                                        Pobè, Dahomey.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 1964.

Màrúfátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ẹ kú iṣẹ́ gàrí, ẹ sì kú ooru Sakété. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́, àmọ́ ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ o.

Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ rò fún ọ. O mọ Huguette àbúrò mi, tí wárápá ti ń gbé ṣánlẹ̀ láti kékeré. Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, a mú un lọ bá ọ̀gbẹ́ni Eustache, olùtọ́jú aláìsàn tó wà nítòsí wa. Ó fún un ní hóró oògùn funfun, ó ní kó máa lò ó lójoojúmọ́. Màrúfátù, oṣù mẹ́ta gbáko, Huguette kò ṣubú! Èmi a gbé hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́, kò tó ìdajì hóró àgbàdo, màá máa wò ó bí ẹni ń wo iṣẹ́ àrà.

Àmọ́ oorun dé. Ọmọ náà á jókòó ti abọ́ oúnjẹ, á sùn lọ. Mo ní àìsàn ṣáà ti lọ, kí la tún ń fi oògùn ṣe? Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó o sínú àpótí. Abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ò bèèrè.

Ọjọ́ kẹta, ó ṣubú láàárọ̀. Kò tíì jí tán tó tún fi gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹyìn ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Orí rẹ̀ wà nítan mi, mò ń pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn.

Ọ̀gbẹ́ni Eustache gún un lábẹ́rẹ́ títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Ó wá kọjú sí mi.

"Ta ló ní kó dá oògùn dúró?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Oorun ọ̀hún ti pọ̀ jù."

Mo rò pé á bú mi. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ le. "Màdáàmù, oògùn ló ń fa oorun yẹn. Ká ní ẹ wá sọ ni, a mọ ohun tí à á ṣe sí i. Ara rẹ̀ ti fara ti oògùn yìí. Ẹ yọ ọ́ lójijì, ó wó. Bó bá máa fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ni, dókítà ló sì máa sọ ọ́."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù bà mí. Ohun tí atẹ́gùn lè gbé lọ ló di ẹ̀mí ọmọ wa mú!

Nígbà tí Huguette lajú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló lù yín tí ẹ ń sunkún?" Mo fi etí aṣọ nu ojú.

Lẹ́yìn tí ọ̀gbẹ́ni Eustache bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n dín oògùn náà kù díẹ̀, wọ́n ní kó máa lò ó bó bá fẹ́ sùn. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fún un ní oògùn mìíràn láìbi wọ́n, kí ọtí má sì kan ẹnu rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú rẹ̀ ti là. Kò tún ṣubú mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo tẹ̀ lé e bí mo ti máa ń ṣe. Nígbà tí a dé ìkóríta, ó yíjú padà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ sílé. Mo fẹ́ dá lọ." Mo dúró, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọ àárín èrò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún! Ẹnu mi ò pa dé.

Bá mi kí Ṣàkírátù àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ,
Èjìdé.