Ihò Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Àwòrán

Ilé Kẹtàdínlógún,
Ndeke,
Kitwe.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Keje.

Tisauke, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí Towela ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ìbejì. Mo mọ̀ pé òtútù Chipata kì í fi ọmọdé ṣeré lásìkò yìí; Ọlọ́run má jẹ́ kó kó ikọ́ wọlé yín. Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí o ti mú wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ? Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, òun ló sì jẹ́ kí n máa kọ̀wé láyé tí gbogbo èèyàn ń fi fóònù sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ láti ìgbà tí a ti sin Bàbá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo gbé e, tí o kígbe pé, "Ajọ̀bọ! Ṣé ọ̀bọ ti tán ní Kitwe ni ebi fi ń pa ọ́?" Èmi náà á fèsì pé ta ni ajẹku ń bá wí, a ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ á sì pòórá. Ẹ̀fẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ fún àwa Bemba àti ẹ̀yin Ngoni dùn, ṣùgbọ́n òun ló dí mi lẹ́nu. Ìwé kò ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Jọ̀wọ́, wá ibì kan jókòó kí o tó kà á síwájú.

O mọ̀ pé iṣẹ́ afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò là á yé ọ rí. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣírò afẹ́fẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ lódindi. A ó kọ́kọ́ ya ọ̀nà náà sínú rẹ̀, a ó wá ta àwọ̀n tó kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, àwọ̀n tí ojú rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ojú kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ń wò láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ àti bó ṣe ń yára tó. Bí ojú àwọ̀n bá gún régé, ìṣirò á fara balẹ̀. Bí wọ́n bá wọ́, tí òmíràn pẹlẹbẹ bí abẹ ìfárí, ìṣirò á máa ru sókè bí ẹ̀kọ tí a gbàgbé sórí iná, títí yóò fi bàjẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ilé iṣẹ́ ìwakùsà tí Bàbá ń bá ṣiṣẹ́ ní kí ọ́fíìsì wa wo afẹ́fẹ́ ìpele kẹtàlá, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti lè yọ fáànù kúrò lọ síbi tuntun. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a fi jíṣẹ́ ni àwọ̀n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè. Mo wá ibi tó ti ń bàjẹ́ títí mo fi rí i: ihò kékeré kan wà lára ògiri, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ gbágungbàgun. Ojú àwọ̀n tó lé ní ẹgbẹ̀rin ló ti bàjẹ́ yí ẹnu ihò náà ká. Mo gé wọn kéré, kò gbọ́. Mo fà wọ́n síhìn-ín, mo tì wọ́n sọ́hùn-ún, ọjọ́ méjì gbáko, ńṣe ló ń burú sí i.

Ọ̀gá Nkole wá dúró sẹ́yìn àga mi. Wọ́n ní, "Lukonde, ṣé títí Kérésì lo máa ta àwọ̀n ni? Àbí o ti di apẹja?" Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n lọ wọn ẹnu ihò náà lábẹ́ ilẹ̀, kí n tún un yà, kí n sì bẹ̀rẹ̀ àwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn á gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá. Tisauke, n kò ṣe é. Mo pa ihò náà rẹ́ kúrò nínú àwòrán, mo fi ògiri pẹrẹsẹ dípò rẹ̀. Láàárín wákàtí kan àwọ̀n mi ti tẹ́jú, gbogbo àmì tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò di àwọ̀ ewé. Ọ̀gá gbá mi léjìká pé, "Àwọ̀n rèé! Èyí á kó ẹja kapenta inú adágún Kariba tán!" Inú mi sì dùn. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Nínú iṣẹ́ wa, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti pa ohun kékeré rẹ́. Ojoojúmọ́ la ń pa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ àti orí ìṣó rẹ́ kí àwọ̀n lè dára. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni pé n kò béèrè ohun tí àwọn èèyàn ń fi ihò náà ṣe, n kò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mo pa á rẹ́. Mo fi ètè sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Ẹ̀yìn ikú Bàbá ni mo tó gbọ́ pé àwọn ará ìpele kẹtàlá ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ku Ng'anda ni wọ́n ń pè é, bí ẹni sọ pé "nílé", torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó jẹun.

Àwòrán tí mo fi jíṣẹ́ fi hàn pé afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ lọ gbọnrangandan lára ògiri yẹn. Ilé iṣẹ́ náà gbà á gbọ́, wọ́n sì yọ fáànù kékeré tó ń fẹ́ sẹ́nu ihò náà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ àpáta lápá ìsàlẹ̀. Bàbá dúró de gbogbo àkókò tí òfin ní kí wọ́n dúró. Wọ́n wo ẹ̀rọ tí ń fa omi, èyí tí wọ́n ń bójú tó, wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n wá wọ inú ihò lọ láti jẹun. Gáàsì ẹ̀tù tó ti sá wọ ibẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa dé, abọ́ oúnjẹ nshima wọn ṣì wà ní dídé lórí ẹsẹ̀ wọn.

O rántí ìwé ìwádìí tí ilé iṣẹ́ náà kọ. Ìwọ lo kà á sí mi létí níwájú ilé ìgbókùúsí: pé Bàbá jókòó síbi tí kò sí nínú àwòrán, pé àìgbọràn ló pa wọ́n. O ní, "Lukonde, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń jókòó síbi tí kò sí?" Mo dúró níbẹ̀, mo mọ ìdáhùn, mo sì ń wo bàtà mi.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo pinnu pé n óò sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. O mọ bí àṣà ẹ̀fẹ̀ wa ṣe rí níbi ìsìnkú: àwa Bemba dí ọ̀nà sàréè, a ní pósí kò ní kọjá títí ẹ ó fi fún wa ní adìyẹ. Bana Chewe, ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin wa, ń ké pé, "Ẹ gbé e padà sílé! Ta ni yóò máa bá wa dín eku kù?" Wọ́n ní kí èmi náà sọ tèmi, torí pé èmi ni mo mọ òkú jù. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè, mo gbójú sókè, mo sì sọ pé, "Èmi ni mo pa wọ́n. Kọ̀ǹpútà ni mo fi pa wọ́n."

Ẹ̀rín tí àwọn èèyàn rín, o gbọ́ ọ. Bana Chewe ní, "Ó kúkú jẹ́wọ́! Ẹ mú un, ẹ fi eku jẹ ẹ́ níyà!" Mo tún un sọ, ẹ̀rín pọ̀ sí i. Mo bú sẹ́kún, wọ́n ní ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn àgbà lọ. Ìyá pàápàá fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìwọ lo na ọwọ́ sí mi tí o fà mí jáde, o dì mọ́ mi, o ní, "O ṣeun, ajọ̀bọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, n kò tíì rẹ́rìn-ín." Lẹ́yìn ìyẹn, kí ni mo fẹ́ wí? Mo tún bá wọn jẹ nínú adìyẹ náà.

Bàbá yìí kan náà ni wọ́n gbà mí sílé fún oṣù mẹ́rin nígbà tí wọ́n ti yunifásítì wa pa. Wọ́n á bu eku sínú abọ́ mi, wọ́n á ní, "Jẹ ẹ́, kí o lè di èèyàn." Kò sí oúnjẹ kan tí mo jẹ nílé wọn tí kò wá sí mi lọ́kàn nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yìí. Ó dùn mí, Tisauke. Ó dùn mí débi pé n kò lè wo ògiri pẹrẹsẹ mọ́.

Mo ti tún iṣẹ́ náà ṣe. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìpele kẹtàlá fúnra mi, mo wọn ẹnu ihò náà, mo tún un yà, mo sì ta àwọ̀n yí i ká ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà. Àwọ̀n náà gún, ìṣirò sì fara balẹ̀. Ohun tó fi hàn ni pé afẹ́fẹ́ ń yípo lẹ́nu ihò, ó ń padà, ti inú kò mira rárá. Mo gbé e lọ fún Ọ̀gá Nkole. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá rọra ní, "Òkú ti wọlẹ̀, Lukonde. Ṣé o fẹ́ sin ara rẹ tì í ni? Pa fáìlì yẹn rẹ́." Mo ní, "Ọ̀gá, mo ti pa nǹkan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan."

Nítorí náà, gbọ́ ọ lẹ́nu mi: bàbá rẹ kò ṣàìgbọràn. Ibi tí wọ́n jókòó sí wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ló sọ pé kò sí. Ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n kọ sí orúkọ wọn gbọ́dọ̀ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tèmi ni yóò rọ́pò rẹ̀. N kò ní kí o dárí jì mí. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi, ṣùgbọ́n má bú mi ní ajọ̀bọ lọ́tẹ̀ yìí.

Kí Ọlọ́run tu ìyá nínú, kó fún wọn ní oorun àsùnwọra. Kí àwọn ìbejì dàgbà, kí wọ́n ní ìwà bàbá àgbà wọn. Ilé rẹ kò ní gbọ́ irú ìròyìn báyìí mọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti yàrá kan náà ní yunifásítì,
Lukonde Kapembwa.

Àfikún: Kí n tó fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, mo ti kọ́kọ́ fi àwòrán méjèèjì àti ìjẹ́wọ́ mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń bójú tó ibi ìwakùsà fún ìjọba. Mo mọ ìwà rẹ; ká ní mo kọ́kọ́ sọ fún ọ, àánú rẹ ì bá dá mi dúró. Ìyá ló kù tí kò tíì gbọ́. Má ṣe jẹ́ kí aládùúgbò kankan bá wọn ka lẹ́tà yìí, ìwọ ni kí o kà á sí wọn létí. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti sọ pé èmi ni mo pa wọ́n, dúró, kí o sì tún un kà.