Wọ́n Ní Kí Fíìmù Bàbá Rẹ Kúrò Nínú Òǹkà

Ọ̀dọ̀ aránṣọ, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ,
Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Níbikíbi tí ìwé yìí bá ti bá ọ lórí omi, kó bá ọ pẹ̀lú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀. Kí ẹ̀rọ ọkọ̀ yín má ṣe dà ọ́ láàmú, kí àwọn ọ̀gá rẹ sì máa jẹ́ kí o rí oorun sùn. Tèmi náà ò burú. Mò ń jẹun, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti ń fúyẹ́. Inú ló ń bí mi. Ìbínú ọ̀hún ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé sí ọ nígbà tí aṣọ àwọn oníbàárà ṣì wà nílẹ̀ láìrán.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ni, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ fíìmù. O mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n o ti pẹ́ lẹ́yìn odi, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí o ti wà nílé ìwé ni wọ́n ti ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun bàbá rẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tí kì í gẹrun fún ẹnikẹ́ni, láti wo fíìmù mẹ́jọ tí wọ́n ṣe nípa amí kan náà yẹn, Ẹ̀kíní títí dé Ẹ̀kẹjọ, kí wọ́n sì jà lé wọn lórí. Wọn kì í jà lórí èyí tó dára. Èyí tó dára, wọ́n á wò ó, wọ́n á mi orí, wọ́n á lọ sílé. Àwọn tí kò dára ni ìjà wọn.

Pákó lásán ló pín ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi àti tirẹ̀ níyà, nítorí náà mo mọ fíìmù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bí èèyàn ṣe ń mọ aládùúgbò tí kò fojú kàn rí. Ohùn ni mo fi mọ̀ wọ́n. Mo mọ ìgbà tí ìbọn máa dún. Mo mọ ìgbà tí Tíṣà máa fi Dírẹ́bà, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Nínú fíìmù tìrẹ, òjò ń rọ̀ ní wíńdò ọ̀tún, oòrùn ń ràn ní tòsì," tí Dírẹ́bà máa dá a lóhùn pé, "Ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì mi lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ́ rí i bẹ́ẹ̀. Tiyín tí amí ti ń kọrin fún ọ̀tá ẹ̀ ńkọ́, Tíṣà?"

Wọ́n ní òfin kan. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ máa ki ọwọ́ bọ inú abọ́ tí bàbá rẹ fi ń po ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, á fa nọ́ńbà kan yọ. Fíìmù tó bá fà, òun ni lọ́yà rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Bó ti wù kó burú tó, kò gbọdọ̀ sẹ́ ẹ. Bó bá sì kú, fíìmù yẹn ni wọ́n máa fi ṣe ẹ̀yẹ rẹ̀. Tíṣà fa Ẹ̀keje, Dírẹ́bà fa Ẹ̀kẹta. Dókítà Eyín, alága wọn, tó ń tọ́jú eyín gbogbo àdúgbò, fa Ẹ̀kejì tí gbogbo ayé ń yìn. Látìgbà náà ló ti ń ṣe bí ẹni pé òun ló ya fíìmù ọ̀hún. Ẹni tó ń gbèjà ẹni tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an?

Bàbá rẹ fa Ẹ̀karùn-ún. Ẹ̀karùn-ún ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Bí ẹnì kan bá ṣe iṣẹ́ jákujàku, wọ́n á ní ó ṣe Ẹ̀karùn-ún. Amí náà ti dàgbà jù, ikùn ti yọ, bó bá fẹ́ sáré, ẹlòmíì tó gbẹ ni wọ́n ń fi hàn láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn tó ń ya fíìmù yọ jáde lókè orí rẹ̀. Ọ̀tá tó ti ń dẹ́rù ba gbogbo ayé látìbẹ̀rẹ̀ kàn yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni, ó sì kú. Ti eré ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń lé ara wọn, ìwọ fúnra rẹ lo sọ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ pé ọkọ̀ náà ò kúrò lójú kan, pé omi ni wọ́n ń dà sí i lára.

Ibi abọ́ ló wá kù. Ẹlẹ́gbẹ́ amí náà kú sẹ́nu iṣẹ́. Amí náà ni wọ́n rán láti lọ sọ fún ìyàwó olóògbé. Ó débẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ gbogbo abọ́ tó wà nílé ìdáná. Kò sí ìbọn, kò sí orin. Omi ń ṣàn, abọ́ ń kan abọ́, ó sì pẹ́ gan-an. Dókítà Eyín máa ń sọ pé, "Amí la ní ká wò, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fún wa." Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé inú fíìmù ni omi yẹn wà. Màá gbá pákó, màá ní, "Bàbá Ẹlẹ́rọ, omi yín ń ṣàn dànù o." Bàbá rẹ á dáhùn láti òdìkejì pé, "Amí ló ń fọ abọ́, jẹ́ kó fọ̀ ọ́ tán." Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó fi ń dá ọ̀fun ara rẹ̀ lóró nítorí ohun tí kò dára. Ó ń nu kílípà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Èyí tó dára ò nílò mi."

Lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ, ọjọ́ Ajé àná ni wọ́n dá fún ẹ̀yẹ rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa wá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ẹ̀ náà máa wá. Mo ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo ti nu dígí, mo ti to àga. Ní ìpàdé ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìyẹn, mo wà nídìí máṣíìnì mi, mo gbọ́ ohùn Dókítà Eyín lẹ́yìn pákó: "Ẹ̀yin èèyàn mi, àlejò ń bọ̀ o. Ṣé Ẹ̀karùn-ún la fẹ́ fi hàn wọ́n? Wọ́n á kàn fi òkú rẹ́rìn-ín ni. Ẹ jẹ́ ká fi Ẹ̀kejì yẹ́ ẹ sí." Tíṣà ní, "Òfin ńkọ́?" Ó ní, "Èèyàn ló ṣòfin." Kò dúró síbẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ tòun, kí wọ́n tilẹ̀ yọ Ẹ̀karùn-ún kúrò nínú òǹkà, bàbá rẹ nìkan ló ń gbé e ró, kí wọ́n máa ka fíìmù náà ní méje. "Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn ẹ̀, Ẹ̀kẹfà. Ta ló máa mọ̀?" Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín.

Abẹ́rẹ́ ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ta ló máa mọ̀? Èmi máa mọ̀. Erùpẹ̀ orí sàréè ò tíì gbẹ. Ọkùnrin tó fún wọn ní àga, tó fún wọn ní iná, tó ń gẹ irun wọn títí tí orí àwọn kan nínú wọn fi pá, ohun kan ṣoṣo ló fi gbogbo ẹnu rẹ̀ gbèjà láàárín wọn. Òun náà ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́, nítorí àlejò á rẹ́rìn-ín. Mo ti ń ránṣọ láti ìgbà ọmọge mi. Mi ò rí i rí kí wọ́n wọ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni fún òkú nítorí pé tirẹ̀ ní àlẹ̀mọ́.

Mo wọ ọ̀dọ̀ wọn lọ pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Mo ní, "Ẹ kú ìpàdé." Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ẹ wọlé." Mo ní mo ti wọlé. Mo sọ fún wọn pé ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà, pé Ẹ̀karùn-ún ni wọ́n máa wò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lọ ṣẹ̀yẹ ní títì. Dókítà Eyín fi ohùn tó fi ń tan ẹni tó fẹ́ yọ eyín fún bá mi sọ̀rọ̀: "Ìyàwó wa, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ò wo fíìmù yìí rí." Ìyẹn ló dùn mí jù, torí òótọ́ ni. Mo ní, "Mi ò yẹ ẹnu yín wò rí, mo sì mọ̀ pé ahọ́n ibẹ̀ gùn." Tíṣà kọjú sí ògiri, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà Eyín wá ní kò burú, wọ́n á fi Ẹ̀karùn-ún hàn, ṣùgbọ́n bó bá parí, wọ́n á dìbò bóyá ó wà nínú òǹkà tàbí kò sí. "Fíìmù tí kò ní lọ́yà ò lè dúró. Ta ni lọ́yà rẹ̀ báyìí?" Mo ní èmi ni.

Ọmọ mi, gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń to èébú jọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sórí àga tí bàbá rẹ fi ń gẹrun, èmi ni mo jókòó síbẹ̀. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Gbohùngbohùn yọ, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Eré ọkọ̀ dé, mo sì ní láti fi eyín di ètè mi mú kí n má bàa bú sẹ́rìn-ín. Kò dára, kò dára rárá. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Ọwọ́ mi ti gbéra láti gbá pákó kí n tó rántí pé inú ibẹ̀ ni mo wà, àti pé kò sí ẹni tó máa dá mi lóhùn. Mo gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Nínú dígí ńlá iwájú mi, mo rí gbogbo wọn lẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà Eyín ò wo fíìmù mọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, olúkúlùkù ló ní ọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì sú mi. Dókítà Eyín ò sọ nǹkan kan. Ó wò mí lójú, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó gba ẹ̀yìn mi wọ ilé ìdáná. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fọ gbogbo abọ́ tí àlejò fi jẹun, ó nù wọ́n, ó tò wọ́n, ó sì lọ sílé.

Nígbà tí fíìmù parí, Tíṣà ní kí lọ́yà dìde. Mo dìde. Èébú tí mo tò jọ, mi ò rí ọ̀kan mú nínú wọn. Mo ní, "Ta ló fọ abọ́ nílé mi lọ́jọ́ ìsìnkú?" Dókítà Eyín ní, "Èmi ni, ìyàwó wa." Mo ní, "Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

Ó mú awò ojú rẹ̀ kúrò, ó ń nù ún. Nígbà tí Tíṣà ní kí àwọn tó gbà pé Ẹ̀karùn-ún wà nínú òǹkà nawọ́ sókè, ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ti Dírẹ́bà tẹ̀ lé e. Ẹ̀karùn-ún wà níbẹ̀, ọmọ mi, láàárín Ẹ̀kẹrin àti Ẹ̀kẹfà, níbi tí bàbá rẹ fi í sí.

Má rò pé inú mi ti rọ̀ o. Ẹni tó ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ fíìmù yẹn, tó ń pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀ lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ikú ọ̀rẹ́ náà ló tó nawọ́, báwo ni inú mi ṣe máa rọ̀ sí i? Bàbá rẹ ì bá fẹ́ rí ọwọ́ yẹn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó wá yíjú padà, ó ní, "Ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ yẹn, ìyàwó wa, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ gbà á là."

Má dá ara rẹ lẹ́bi pé o ò sí níbi ìsìnkú. Òkun kì í dúró de èèyàn, bàbá rẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi tó gbé ọ lọ á gbé ọ padà fún mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní já ọ kulẹ̀. Wàá rí ẹni tó máa gbèjà rẹ lọ́jọ́ tí o kò bá dára tó, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò sì ní pọ̀.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
aránṣọ, lọ́yà Ẹ̀karùn-ún.

Mo gbàgbé: Ìwọ tí o mọ ọkọ̀, wá nǹkan kan sọ fún mi nípa eré ọkọ̀ yẹn, ohunkóhun, kó sì tètè dé, torí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀kejì ni wọ́n fẹ́ wò. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn pákó látọjọ́ pípẹ́. Ní báyìí tí mo ti ní àga nínú ibẹ̀, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tí wọ́n ń yìn.