Màdáámù àti Oúnjẹ Inú Agolo

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Bẹ́yẹrúnká,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2024.

Ìyá David, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá David ńkọ́? David fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í sunkún mọ́ tó bá ń lọ síléèwé? Òtútù Ṣakí yẹn ńkọ́, ṣé ó ti mọ́ yín lára? Ọjà ẹja ńkọ́, ṣé wọ́n ń rà á lọ́wọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń rà á ní Oríta-mẹ́rin? Àwa náà wà. Fẹ́rànmí ti pé oṣù márùn-ún, ó ti ń yí gbirigbiri. Bàbá ẹ̀ ṣì ń wa mọ́tò Ìlọrin, ọjọ́ Àìkú nìkan la máa ń rí i. Èmi ló ti rẹ̀. Ó rẹ̀ mí débi pé tí mo bá jókòó, dídìde á di ìjà.

Ìwé ni mo kọ torí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Ìyá Obed, ìyá ọkọ mi, kì í jìnnà sí mi, etí wọn sì mú. Má wo bí mo ṣe kọ ọ́ o, o mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọ̀rọ̀ Màdáámù ni, ológbò tó o fi sílẹ̀ fún mi nígbà tẹ́ ẹ ń kó lọ.

Nígbà tó o wà níbí, orí ẹja tútù tó o ń gé kúrò lára ọjà ni Màdáámù ń jẹ. Nígbà tó o lọ tán, mi ò ní ẹja. Ohun tá a bá jẹ kù ni mò ń fún un: ẹ̀bà tí mo fi ọbẹ̀ pò, egungun, orí ẹja gbígbẹ oníyọ̀. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe é. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Irun ẹ̀ ń já, ó ń yún ara ṣáá, gbogbo ìgbà ló ń lá omi. Ó wá dẹni tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ títí dalẹ́. Eku náà rí i pé kì í dìde mọ́. O mọ ilé wa, ilé alámọ̀ àtijọ́, ihò wà ní gbogbo ìdí ògiri. Òjò tún wá bẹ̀rẹ̀, eku ń wọlé bí ẹni tó ní yàrá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan lọ́sàn-án, mo tẹ́ Fẹ́rànmí sórí ẹní, mo ní kí n lọ fa omi ní kànga. Igbe ló pè mí padà. Eku ti gé e jẹ ní gìgísẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ mo rí ojú eyín méjì. Ìyá David, mo gbé e, mo sáré lọ sí ọsibítù. O mọ ohun tí wọ́n ń sọ lórí rédíò nípa eku àti ibà Lásà. Nọ́ọ̀sì fọ ojú egbò náà, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí n máa wo ara ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Má fòyà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ara ẹ̀ ò gbóná. Àmọ́ látọjọ́ náà, mi ò gbé e sílẹ̀ nílé mọ́. Mo pọ̀n ọ́n dáná, mo pọ̀n ọ́n gbálẹ̀, mo pọ̀n ọ́n fọṣọ. Ẹ̀yìn mi ti fẹ́ já.

Ìyá Obed sọ tiwọn ní tààrà. Wọ́n ní, "Ológbò tí ò pa eku, àlejò ni. Àlejò tó sì ń bì sí mi lẹ́nu ọ̀nà, mi ò gbà á. Mo fún un lọ́sẹ̀ méjì. Tí ò bá yí padà, màá ní kí wọ́n gbé e lọ sọ sí Ọjà'ba." Mo ní, "Ẹ ṣé mà." Àmọ́ mo mọ̀ pé tí ológìnní bá fi lè kúrò nílé wa, ilé ti di tèkúté pátápátá nìyẹn. Mi ò sì lè da májèlé eku sílẹ̀ nílé tí ọmọ ti fẹ́ máa rá.

Mo gbé Màdáámù sínú apẹ̀rẹ̀, mo lọ sí ọsibítù àwọn ẹran. Dókítà obìnrin kan ló wà níbẹ̀, Dókítà Clara, ọmọdé ni, àmọ́ ó ní sùúrù. Ó ní iyọ̀ àti ata ló ń ba inú ẹ̀ jẹ́, ẹ̀bà ò sì lè gbé ológbò ró, ẹran ni Ọlọ́run dá a pé kó máa jẹ. Ó ní oúnjẹ ológbò tí wọ́n ń dì sínú agolo ló máa dáa fún un. Mo ní, "Dókítà, àwa èèyàn gan-an, ṣé inú agolo loúnjẹ tiwa ti ń wá?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wọ́n, èyí tó wọ́n jù kọ́ ló sì dáa jù. Ó ní kí n wá èyí tí wọ́n kọ ẹran tàbí ẹja ṣíwájú nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan sí lára, pé oúnjẹ yẹn nìkan tó ológbò àgbà láìfi nǹkan míì kún un. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú pépà fún mi, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Ó ní sàdíìnì tiwa ò lè rọ́pò ẹ̀, iyọ̀ àti òróró ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Grace tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣiṣẹ́ ní sọ́ọ̀bù ńlá kan ní Òkè Bọ́lá. Òun ló sọ fún mi pé wọ́n máa ń kó agolo tí ara ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á dín owó ẹ̀ kù. Mo pọ̀n ọmọ lọ. Mo dúró níwájú ibi tí wọ́n tò ó sí, mo na pépà dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo, mò ń wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n jọra. Ẹ̀ṣọ́ sọ́ọ̀bù ń wò mí bí olè. Grace bá mi wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ó ní èyí tó bá wú tàbí tó tẹ̀ létí, kí n má fọwọ́ kàn án. Agolo kéékèèké mẹ́fà ni mo gbé wálé.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ló kàn yìí. Dókítà ti ní kí n máa fi síbí kan kún oúnjẹ tó mọ̀, kí n máa fi kún un lójoojúmọ́. Ó ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ó lè gba ọjọ́ mẹ́wàá. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì Ìyá Obed ń lé mi. Mo da odindi agolo síwájú ẹ̀. Màdáámù gbóòórùn ẹ̀, ó wò mí, ó fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ bí ìgbà tó bá fẹ́ bo ìgbẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo fi oúnjẹ náà síbẹ̀ nínú ooru títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tébi wá pa á, ó jẹ díẹ̀ nínú èyí tó ti kan, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń gbọ̀n.

Ìyá Mutmainnah tó ń ta omi tútù nínú ilé wa sáré jáde. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Subhanallah, wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Gbé epo wá kíá." Ìwọ náà mọ̀ pé ohun tá a máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n la ẹnu ẹ̀, mo rọ epo pupa sí i lọ́fun, ìgò kékeré kan gbáko. Ohun tó tẹ̀lé e, mi ò lè kọ ọ́ síwèé. Títí dọjọ́ kejì kò jẹ, kò mu. Tó bá ti rí mi, á sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo gbé e padà lọ bá Dókítà Clara. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára. Kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn ní, "Ìyá Fẹ́rànmí, kò sí májèlé kankan. Ẹ yí oúnjẹ padà fún un lójijì, ó tún jẹ èyí tó ti bàjẹ́, epo yẹn ló wá dá a dùbúlẹ̀. Ológbò tí ò bá jẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ lè bàjẹ́, ó sì lè kú. Ẹ rí i pé ó jẹun lónìí."

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo bọ ẹja tútù díẹ̀ láìníyọ̀, mo fi síbí kan oúnjẹ agolo sínú ẹ̀, mo gbé abọ́ náà lé omi gbígbóná kí òórùn ẹ̀ lè jáde. Mo gbé e síwájú bẹ́ẹ̀dì. Kò jáde. Mo pè é títí, mo bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ tọmọtọmọ lẹ́yìn, mò ń sunkún, mi ò mọ̀ pé Ìyá Obed ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ní, "Ẹni tó o rọ epo sí lọ́fun lánàá, ṣé bó o ṣe máa gbé oúnjẹ fún un nìyí?"

Mo ní, "Mà?"

"Ẹni tó bá fún èèyàn ní nǹkan, á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọn ò kọ́ ẹ nílé yín ni?"

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn. Wọ́n fìka mú díẹ̀ nínú abọ́, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n gbé e mì. Wọ́n fajú ro. Wọ́n ní, "Kò níyọ̀ rárá." Wọ́n tún fi díẹ̀ síka, wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó pẹ́. Ó ti sú èmi. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí wọ́n ní, "Ahọ́n ẹ̀ ha o, bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha igi."

Látọjọ́ náà, àwọn ló ń fún un loúnjẹ. Tí mo bá fi síbí kan kún un, wọ́n á ní ó ti pọ̀ jù, ṣé mo tún fẹ́ pa á ni. Èyí tó bá kù nínú agolo, Ìyá Mutmainnah kọ́kọ́ ní kò lè wọ fíríìjì àwọn, pé oníbàárà ò ní í ra omi mọ́. Ní báyìí, wọ́n ní kí n dì í ní ọ̀rá méjì. Oúnjẹ agolo nìkan ló ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kì í bì mọ́, irun ẹ̀ ti ń hù. Ó pa eku méjì lẹ́yìn àmù lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, Ìyá Obed ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò bi wọ́n.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé ẹ̀rù ti tán. Mo ṣì ń gbọ́ àwọn eku lájà. Àmọ́ lánàá, Màdáámù dùbúlẹ̀ sídìí ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí aṣọ, etí ẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo tú ọ̀já, mo tẹ́ Fẹ́rànmí sórí ẹní. Mo dúró tì wọ́n fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ wẹ̀. Mo rọra wẹ̀, mo fọ ẹ̀yìn mi dáadáa. Nígbà tí mo fi máa dé, ọmọ ti sùn lọ.

Bá mi kí Bàbá David, bá mi kí ìyá wọn. Fa David létí fún mi, má jẹ́ kó dùn ún. Tí awakọ̀ bá ń bọ̀, má fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí Màdáámù o. Èmi ni kó o fi ránṣẹ́ sí.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ ẹ tọ́kàn ẹ̀ ń fà sí ẹ,
                                        Fọláyẹmí
                                        (Ìyá Fẹ́rànmí)