Ìwé Ogun Orí Tábìlì Ló Kú, Kì Í Ṣe Èmi

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdí ẹ̀rọ, ẹ kú wàhálà oníbàárà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Máńsẹ́sítà níbí. Mo kí Ìyá mi, mo kí Ìyá Kékeré, mo kí gbogbo àgbà agboolé wa ní Bẹyẹrúnká, àti àwọn tó ń jókòó tì yín ní ìsọ̀ ìránṣọ yín ní Bẹẹrẹ.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti rí lẹ́tà yìí. Mo ti kọ̀wé sí yín títí ọwọ́ fi ń dùn mí, ẹ ò fèsì. Ìyá ní kí tíṣà bá àwọn kọ̀wé sí mi pé ẹ gbà wọ́n, ẹ kà wọ́n, ẹ sì kì wọ́n bọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí àárọ̀ tí ẹ kì í ra ìwé ìròyìn yìí, kí ẹ sì kà á sókè fún gbogbo ìsọ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́ tèmi ní kọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbọ́ náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ̀wé sílé pé mo ti fi ẹ̀kọ́ lọ́yà sílẹ̀, pé mo ti di kọ̀ndọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì, odindi ọdún kan ni ẹ kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Àfìgbà tí mo rí ìwé pẹlẹbẹ kan lórí àtẹ nítòsí ibùdó rélùwéè. Oṣooṣù ló ń jáde. Àwọn àgbàlagbà òyìnbó ló fi ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń to ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi òjé ṣe sórí tábìlì, kí wọ́n sì fi wọ́n jagun. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá mi, ọmọ-ọmọ ológun, tó máa ń sọ ìtàn ogun Kírìjì títí oúnjẹ á fi tutù, ló yẹ kó rí èyí. Mo túmọ̀ ojú ìwé díẹ̀ sí Yorùbá, mo fi ránṣẹ́. Kíá ni èsì yín dé. Ẹ ò bi mí bóyá ara mi le. Ẹ ní kí ló dé tí wọ́n fi kó àwọn ẹlẹ́ṣin wọnú ẹrẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí òtútù ti pa ẹsẹ̀ mi kú, màá jókòó ti iná gáàsì, màá máa túmọ̀ ìwé Ogun Orí Tábìlì fún yín. Ìyá ní tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ ti di pápá ogun, ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì fa odò sí i, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni ẹlẹ́sẹ̀, bọ́tìnnì kóòtù ni ẹlẹ́ṣin, kẹ̀kẹ́ òwú ni Balógun. Wọ́n ní aṣọ Iléyá odindi agboolé kan kò jáde lásìkò, nítorí pé ẹ̀yin àti Bàbá Oníbàtà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín dó ti ìlú kan lórí rẹ̀, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni palẹ̀ tábìlì mọ́. Èmi tí mo wà ní Máńsẹ́sítà ni àwọn oníbàárà ń bú.

Bẹ́ẹ̀ ẹ kò yin ìwé náà rí. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń bí yín nínú. Òfin eré wọn ni pé bí olórí ogun bá ṣubú, kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tú ká. Ẹ ní ta ló kọ́ àwọn wọ̀nyí ní ogun, pé ní Ìbàdàn, bí Balógun bá ṣubú, Ọ̀tún á bọ́ sí ipò rẹ̀, Òsì á bọ́ sí ti Ọ̀tún, gbogbo wọn á sún sókè, ìjà á sì máa lọ. Ẹ ní kí n sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀, mo yọ èébú inú rẹ̀ kúrò, mo fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì pe òfin náà ní Òfin Ìbàdàn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀. Ẹ ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

N kò ní parọ́ pé ìwé náà kò bàjẹ́ kó tó kú. Nígbẹ̀yìn, ìpolówó ọjà ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n fi oṣù púpọ̀ jiyàn lórí àwọ̀ bọ́tìnnì kóòtù àwọn ọmọ ogun kan tí gbogbo wọn ti kú kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ń pẹ́ kó tó jáde, àwòrán rẹ̀ ń ṣú. Mo ń kùn, mo sì ń rà á. Ẹ̀yin ń bú u, ẹ sì ń béèrè òmíràn. Ìgbà tó wá kú, ìlà díẹ̀ báyìí ni olóòtú fi dágbére fún wa, lábẹ́ ìpolówó ọ̀dà. Ẹni tí a ti jọ wà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó wá kí wa pé ó dàbọ̀ lábẹ́ ìpolówó ọ̀dà. Inú bí mi gan-an.

Ṣùgbọ́n tiyín tún ju ìyẹn lọ. Ẹ ní irú olóòtú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, kí n wá àgbà kan mú lẹ́yìn, kí a wọṣọ tó yẹ, kí a lọ dọ̀bálẹ̀ nílé rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹ ní iṣẹ́ lásán ni ẹ rán mi, n kò lè jẹ́ ẹ. Ó dáa. Mo bẹ Bọ̀dá Súlè, ọmọ àdúgbò Ọ̀rányàn n'Ìbàdàn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bọ́ọ̀sì, tó jù mí lọ dáadáa. A wọ agbádá lé kóòtù òtútù, a wọ rélùwéè lọ sí ìlú kékeré kan létí òkun. Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń gbá agbádá wa káàkiri. Ìyàwó olóòtú ló ṣílẹ̀kùn, ó rò pé ìwàásù la bá wá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde sí wa, àwa méjèèjì dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà rò pé nǹkan wa ló já bọ́. Òun náà bá kúnlẹ̀, ó ń bá wa wá a. Bọ̀dá Súlè kò tíì dárí jì mí.

Wọ́n fún wa ní tíì. Ó ní ojú òun ti ń ṣú, pé àfi bí ìyàwó òun bá ka ìwé fún òun báyìí, pé òun dúpẹ́ ẹ̀bẹ̀ wa ṣùgbọ́n apá òun kò ká a mọ́. Lórí tábìlì ìjẹun ni òun àti obìnrin yẹn ti ń ṣe gbogbo ìwé náà láti ọjọ́ yìí wá. N kò lè bínú sí i mọ́. Ó wá béèrè yín, ó ní kí ni bàbá aránṣọ yóò máa ṣe báyìí. Mo ní n kò mọ̀, pé ẹ kì í bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ìwé rẹ̀ ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Ó mi orí.

“Bàbá rẹ kò kọ̀wé sí mi rí,” ló wí. “Ìwọ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.”

Mo kọ gbogbo èyí sí yín, ẹ sì dákẹ́, bí ẹ ṣe dákẹ́ nígbà ọ̀rọ̀ lọ́yà. Bàbá, ìwé Ogun Orí Tábìlì ló kú, èmi wà láàyè. Yàrá mi tutù. Lọ́jọ́ tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ ń dé, ṣùgbọ́n Ìyá nìkan ló ń fèsì. N kò ní ogun tí màá túmọ̀ fún yín mọ́. Ẹ sọ ti òrùlé tó ń jò fún mi. Ẹ sọ ti oníbàárà tó kọ̀ tí kò wá gba aṣọ rẹ̀. Ẹ tilẹ̀ bú mi nítorí ẹ̀kọ́ lọ́yà, màá kà á. Bí òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ, ẹ kọ̀wé sí mi. Bí irọ́ ló pa, ẹ kọ̀wé, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín sọ fún mi pé irọ́ ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú tí ẹ fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ kalẹ́. Kó fún Ìyá ní àlàáfíà, kó má jẹ́ kí a gbọ́ ohun burúkú nípa ara wa. Ẹ bá mi kí Bàbá Oníbàtà àti gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Bọ̀dá Súlè ní kí n kí yín, tìbínú-tìbínú.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí ìwé yín,
Làsísì Àlàmú