Gàrí Èṣí

Àìkú, 18 Oṣù Kẹjọ, 2024
Gàrí tuntun dé láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Àwa tí ogun lé kúrò ní Àbíjàn ti mọ àṣà wa: a ó rọ tuntun sínú dúrọ́ọ̀mù, a ó kó ti èṣí jáde, a ó fi ṣe sàráà. Torí pé ìyà lè tún dé la ṣe ń tọ́jú tuntun. Gbogbo wa la kó tiwa lọ sílé Ìyá Àbẹ̀bí, olórí ẹgbẹ́ àwa tá a ti Àbíjàn dé.

Àfi Kòmáńdà. Mùstàfá, àbúrò mi — èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó ṣe máa ń pàṣẹ fún wa pé ká tọ́jú omi àti tọ́ọ̀ṣì pamọ́. Ó ní òun ò kó nǹkan kan jáde. Ìyá Àbẹ̀bí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè kó ti èṣí jáde, ogun ṣì wà nínú rẹ̀, ká máa ṣọ́ ọ.

Àtàláátà, 20
Mò ń ṣọ́ ọ. Kì í wá kírun Jímọ̀ mọ́. Bí rédíò bá ròyìn wàhálà, inú rẹ̀ á máa dùn. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Àlàrùbá, 21
Màríàm ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbórí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bú sẹ́kún. Ó ní Mùstàfá ti gbẹ́ yàrá sábẹ́ ilẹ̀. Ó ń kó òun àti Qàwíyyàt ọmọ wọn síbẹ̀, á pa ìdérí dé, kó lè mọ bí wọ́n ṣe máa fara dà á tó. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí èémí ọmọ náà pin.

Àlàmísì, 22
Mo lọ sọ ohun tí mo gbọ́ fún Ìyá Àbẹ̀bí.

Jímọ̀, 23
Ìyá Àbẹ̀bí kó wa lọ sílé Mùstàfá. Wọn ò jágbe mọ́ ọn. Wọ́n ní kó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han àwọn. Ó ṣí ìdérí, a sọ̀ kalẹ̀.

Subhánàlláhì! Ògiri tó dán, omi inú ike títí dé òkè, gàrí, iyọ̀. Òun nìkan ló ṣe é! Ẹnu mi ò ṣeé pa dé. Ẹní mẹ́rin wà nílẹ̀ — tirẹ̀, ti Màríàm, ti Qàwíyyàt. Ìkẹrin kéré, ó mọ́ tónítóní.

Jamaldeen. Àkọ́bí wọn, tá a sin sẹ́bàá ọ̀nà lọ́dún ogun, nígbà tí omi tán lọ́wọ́ wa.

Ìyá Àbẹ̀bí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní yẹn. "Mùstàfá, ogun yẹn ti parí."

"Ẹ̀yin ló parí fún, ìyá."

Wọ́n ní kó wo Qàwíyyàt, èyí tó ṣì ń mí. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹní kékeré náà. Màríàm àti ọmọ sùn sílé mi.

Àbámẹ́ta, 24
Mò ń gbọ́ òòlù nílé Kòmáńdà. Ṣé ó ń kàn án ni àbí ó ń tú u?

Àìkú, 25
Ìdérí ló ń tú. Kòmáńdà dé bá wa nílé Ìyá Àbẹ̀bí láàárọ̀ yìí, gàrí èṣí lórí rẹ̀. Màríàm sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹní kékeré náà wà ní abíyá Mùstàfá, ó ká a dáadáa. Kò sẹ́ni tó ní kó mú un wá.

Ìyá Àbẹ̀bí bi í pé ẹní ta nìyẹn.

"Ti Jamaldeen ni. Ẹ bá mi fi ṣe sàráà."