Omi Imú Kì Í Ṣe Ẹkún

Màámi,

Mo kí yín o. Lánàá tá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù tá a ń rí ojú ara wa, ẹ rí omi ní imú mi, ẹ sì rò pé mo ń sunkún. Ẹkún kọ́. Eré ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá dé. Nọ́ọ̀sì kan ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi: tí èèyàn bá ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú òtútù, imú a máa ṣomi, kó lè fi rin afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣe àìsàn.

Láàárọ̀ yìí ni wọ́n dán wa wò fún iṣẹ́ panápaná. A gbé rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fọ́n omi síná léjìká, a ń sáré gun àtẹ̀gùn. Ọ̀gá tó ń wò wá ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ara ẹ ò yá. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.”

Mo ní, “Ọ̀gá, imú mi ló ń ṣomi, ẹsẹ̀ mi kọ́.”

Mo fi apá aṣọ nu imú, mo gùn ún dókè. Àwọn ọkùnrin ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n gbà mí.

Ọkọ mi ti ní kí n mú ọ̀kan, iṣẹ́ náà tàbí òun. Ilé fẹ̀ dáadáa báyìí, èmi nìkan ni mo ni gbogbo bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ bá mi kí bàbá mi, àti ẹ̀gbọ́n mi tó ní kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ mi dí.

Ọmọ yín, panápaná.